Omi Tó Yó Jù

Apá ni ìyàwó mi fi ń wọn omi. Yóò ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ dé èjìká, yóò kúnlẹ̀ sí etí adágún ẹja rẹ̀, yóò tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, yóò sì máa tì í bọ inú omi díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá ti kọjá ìgúnpá tí ó ṣì ń rí ọwọ́ rẹ̀, ebi ń pa omi nìyẹn. Yóò so àpò ìgbẹ́ adìyẹ kan mọ́ ọ̀pá oparun ní igun adágún, kí ìdí àpò náà lè máa rẹ nínú omi. Bí ọwọ́ bá pòórá kí omi tó dé ìgúnpá, omi ti yó jù, yóò sì yọ àpò náà kíá. Ṣùgbọ́n bí ó bá pòórá ní ìgúnpá gan-an, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Wọ́n ń jẹun."

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo jẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ṣómólú. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n fi maikirosikóòpù àtijọ́ kan ta mí lọ́rẹ. Orí tábìlì ló wà nínú yàrá wa ní Bajulaiye. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà nísàlẹ̀ ilé a máa mì í, tí màá fi ní láti dúró kí wọ́n pa ẹ̀rọ kí n tó lè wo ohunkóhun. Ìyàwó mi á bu omi wá fún mi nínú ike.

Omi tí ebi ń pa fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo lábẹ́ awò náà. Èyí tó jẹun níwọ̀n dà bí ọjà. Ewéko tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí kún inú rẹ̀ lóríṣiríṣi: òmíràn tẹ̀ bí oṣù tuntun, òmíràn so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ẹranko kéékèèké tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ń sáré láàárín wọn, wọ́n ń jẹ wọ́n, èpìyà á sì wá jẹ tewé tẹran.

"Tíṣà, kí ni wọ́n wí?" ni yóò bi mí.

"Wọ́n ní apá rẹ kì í parọ́."

Orí ilẹ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, ni adágún rẹ̀ wà. Apẹja láti etí òkun Oǹdó ni wọ́n, wọ́n sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ apẹja wá ń sin ẹja bí ẹni ń sin ewúrẹ́. Omi kànga ló ń fà sí i, nítorí omi ọ̀sà a máa níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọkùnrin kan ń sin adìyẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kì í sì í ṣe àánú ló fà á. Ó la gọ́tà láti inú ilé adìyẹ rẹ̀, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí adágún ìyàwó mi. Nígbàkúùgbà tí ó bá fọ ilẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń ṣàn sí. Ìyàwó mi lọ bá a, mo sì tẹ̀lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yí ojú gọ́tà yín. Omi wa ti ń yó jù."

Èmi ni ó kọjú sí, tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Tíṣà, ẹ bá mi bi ìyàwó yín. Ṣé kì í ṣe ìgbẹ́ adìyẹ yìí náà ló ń rà, tó ń so kọ́ sínú omi? Èmi wá fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó di ẹjọ́. Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Omi tó bá ti ṣe ewé, oúnjẹ ẹja ni."

"Èmi máa ń yọ àpò tèmi," ni ìyàwó mi fèsì. "Ta ló máa yọ tiyín?"

"Ọlọ́run ni!" Ó pàtẹ́wọ́, ó wọlé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyàwó mi lọ bá a. Èmi ni mo ní kí a ṣe sùúrù, kí n kọ́kọ́ fi maikirosikóòpù wo omi náà, kí a lè rí ọ̀rọ̀ sọ níwájú baálẹ̀. Mo wò ó. Ọjà ti tú. Irú kan ṣoṣo ló kù, fọ́nrán gígùn tó lọ́ mọ́ra bí irun inú òòyà, tí àwọn ẹranko kéékèèké kò lè jẹ. Bí oúnjẹ bá pọ̀ jù nínú omi, kì í ṣe gbogbo ayé ló ń yó. Wọ̀bìà inú àwọn ewéko náà á jẹ ẹ́, á gbilẹ̀, á sì bo oòrùn mọ́ àwọn tó kù lójú. Bí oòrùn bá wà, wọ̀bìà yìí ń fi afẹ́fẹ́ sínú omi. Bí oòrùn bá lọ, òun náà á máa mí, á sì mí èyí tó jẹ́ ti ẹja. Àrọ̀ lè yọ ẹnu sókè kó mí. Èpìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Ọjọ́ Ajé ni a fi àdéhùn sí láti rí baálẹ̀. Kùrukùru bo oòrùn láti ọjọ́ Ẹtì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo èpìyà ìyàwó mi ló ti yí ikùn sókè. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ tí ó fi wọ inú omi, ó ń ṣa wọ́n títí di ọ̀sán. Kò jẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́. Kí òjò ọdún náà tó tán, ó kú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. N kò bá dókítà jiyàn.

Ọkùnrin náà wá kí mi kú ọ̀fọ̀. Ó jẹun. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní Ọlọ́run ló fúnni, Ọlọ́run ló gbà. Ẹ̀ẹ̀kejì tí yóò gbé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ka Ọlọ́run lórí nìyẹn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ta adìyẹ rẹ̀, ó gbẹ́ adágún tirẹ̀, ó kó èpìyà sí i. Ó ti rí i tí ìyàwó mi ń so àpò kan. Òun so mẹ́rin, kò sì yọ wọ́n rí. Ní ọjọ́ kan, ó gbé omi inú ike wá sí Bajulaiye.

"Tíṣà, ẹ bá mi fi ẹ̀rọ yín wo èyí. Ó ti ki bí ẹ̀fọ́."

Mo ní kí ó dúró kí wọ́n pa ẹ̀rọ ìsàlẹ̀. A jókòó. Nígbà tí tábìlì dákẹ́, mo wò ó. Mo dá fọ́nrán náà mọ̀ bí ẹni dá ọ̀tá mọ̀ láàárín èrò. Mo wò ó pẹ́.

"Ó dáa àbí?"

"Omi tó bá ti ṣe ewé," ni mo wí, "oúnjẹ ẹja ni."

Kò rántí ibi tí ó ti gbọ́ ọ rí. Ó gbàdúrà fún mi, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, ojú ọ̀run ni mo ń kọ́kọ́ wò bí mo bá jí. Bí oòrùn bá yọ, inú mi á bàjẹ́. Nígbà tí kùrukùru wá dé, tó lo ọjọ́ kan, tó lo ìkejì, mo rìn dé Pedro lọ ra búrẹ́dì, ẹsẹ̀ mi sì fúyẹ́ bí ìgbà èwe. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo wọ aṣọ tó mọ́, mo lọ sí Ìlàjẹ.

Ó wà nínú omi dé itan, ikùn ẹja funfun yí i ká. Ó rí mi. Ó wo aṣọ mi.

"Tíṣà, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìyàwó mi ti sọ fún yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Mo kọjá sí adágún ìyàwó mi. Mo ti ní kí wọ́n kó ẹrẹ̀ rẹ̀, mo sì ti fa omi tuntun sí i, ṣùgbọ́n n kò so àpò kankan. Mo ká ọwọ́ aṣọ mi, mo kúnlẹ̀, mo ti apá mi bọ̀ ọ́. Omi kọjá ìgúnpá, ó dé èjìká, mo ṣì ń rí ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi tutù. Láti ìkejì ọgbà, mo ń gbọ́ bí ó ti ń da ẹja sínú agbọ̀n, òun nìkan. N kò dìde.