Ọjọ́ Tí Àbúrò Mi Sọ Pé Bẹ́ẹ̀ Ni

Inú ṣì ń bí mi. Mi ò ní purọ́ pé ó ti rọlẹ̀.

Tíṣà ni mí ní ìlú Oǹdó. Àbúrò mi ọkùnrin ni lọ́yà tó gba ẹjọ́ ilé ìwé wa rò nígbà tí olówó kan láti Àkúrẹ́ sọ pé òun ló ni pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò gbowó. Ó rojọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há, a sì jàre. Àwọn òbí gbé e sọ́rùn jáde ní kóòtù. Nígbà tó ní òun fẹ́ di aṣòfin, èmi ni mo ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé: "Ẹ rántí pápá o."

Ó wọlé. Ó kó lọ sí Alágbàká l'Ákùúrẹ́, níbi tí ilé aṣòfin wà.

Lọ́dún kejì, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí Àkúrẹ́ kí wọ́n lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣòfin. A jókòó síbi tí wọ́n ń fi àlejò sí. Bí wọ́n ṣe rí i ni wọ́n ń nàka: "Lọ́yà wa nìyẹn." Ni olórí ilé aṣòfin bá ka àbá kan pé kí ìjọba gba pápá kan l'Óǹdó, kí olókòwò kan fi kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Pápá wa ni. Olókòwò ọ̀hún, olówó ọjọ́sí náà ni.

Mo ń retí kí àbúrò mi dìde. Fóònù ló ń tẹ̀.

"Àwọn tó fara mọ́ ọn ńkọ́?" ni olórí ilé bi wọ́n.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni wọ́n wí. Ẹnu àbúrò mi ni mò ń wò. Ó là á.

Ọmọbìnrin kan fà mí láṣọ. "Mà, ṣé lọ́yà wa ò gbọ́ ohun tí wọ́n kà ni?"

Nígbà tí wọ́n jáde, mo ká àbúrò mi mọ́ ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. "Ṣé pápá tí o gbèjà kọ́ nìyẹn?"

"Àǹtí mi, ẹ rọra. Ẹgbẹ́ ló ń sọ ohun tí a máa sọ níbí."

"Kí ni kí n wá sọ fún àwọn ọmọ yìí?"

"Ẹ ní òtẹ́ẹ̀lì máa mú iṣẹ́ wá." Ó fọwọ́ pa ọ̀kan nínú wọn lórí, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

A wọ bọ́ọ̀sì wa padà sí Oǹdó.

Wọ́n ti mọ odi yí pápá ká. Ẹ̀gbẹ́ títì làwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí, èmi ni mo ń dúró ṣọ́ ọ̀kadà fún wọn. Ìyá wa ní kí n dárí jì í, pé ọmú kan náà la jọ mu. Mo ní kó kọ́kọ́ wá bẹ àwọn ọmọ. Ó wá síbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́dún tó kọjá, wọ́n fún un ní àga iwájú. Ó na ọwọ́ sí mi. Mi ò gbà á.