Ààlè Lọ́rùn Ọdẹkúnlé

Wọ́n ní ọwọ́ òyìnbó náà gbẹ. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n ní ó gbẹ títí dé ìgbọ̀nwọ́ bí ẹja yíyan. Ní Lálúpọn, wọ́n ní gbígbẹ kọ́, ó já bọ́ sójú ọ̀nà ni, ajá kan gbé e sá wọ igbó, láti ọjọ́ náà ni ajá ọ̀hún sì ti ń gbó lédè òyìnbó. Obìnrin kan tó ń ta ata ní Erúnmu tilẹ̀ búra pé òun mọ ibi tí wọ́n sin ọwọ́ náà sí, pé àgbàdo tó hù níbẹ̀ kò ní hóró kan tó pupa. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnu wọn kò lórí ni pé Ìbídùnní ló fà á, ìyàwó Ọdẹkúnlé, ará abà Oníyeyè lẹ́yìn Erúnmu.

Ká tó mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, ẹ jẹ́ ká mọ Ìbídùnní ná. Obìnrin kúkúrú ni, tí ẹnu rẹ̀ gùn jù ú lọ. Bó bá jókòó ti òkúta, ọwọ́ rẹ̀ á máa pa ẹ̀kùrọ́, ẹnu rẹ̀ á máa bá ìjọba jà, àwọn méjèèjì kì í sì í sinmi títí oòrùn á fi wọ̀.

Ó ní ohun tó ń bá ìjọba jà lé lórí. Ogun Jámánì ti wọ ọdún kẹta. Ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n ń rù lọ sétí ojú irin n'Ìbàdàn kò rí ẹni rà á dáadáa mọ́, ó kún inú agbọ̀n, kòkòrò ń jẹ ẹ́. Iyọ̀ wọ́n débi pé ẹni tó bá ní ín kò ní jẹ́ kí aládùúgbò mọ̀. Ọbẹ̀ Ìbídùnní wá di ohun tí ọkọ rẹ̀ ń pè ní "omi gbígbóná tó mọ ata rí."

"Jámánì yìí," Ìbídùnní á ní, "ewúrẹ́ ta ló jí ní Oníyeyè? Oko ta ló dáná sun? Ọba méjì bá ara wọn jà lókè òkun, iyọ̀ ẹnu tèmi ni wọ́n fi ń parí rẹ̀!"

"Ìyá Ọdúnayọ̀, rọra," Ọdẹkúnlé á dá a lóhùn. "Ògiri létí."

"Kó gbọ́. Bó bá gbọ́ tán, kó ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ sọ fún àwọn ìjòyè n'Ìbàdàn pé ọbẹ̀ mi ò níyọ̀."

Àmọ́ iyọ̀ kọ́ ló ń dùn ún jù. Lọ́dún tí ogun bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti mú àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ sí Kamẹrúùn láti máa ru ẹrù fún àwọn ológun. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ tó bá nílé lórúkọ, nítorí náà Adúmáadán ni Ìbídùnní ń pè é, torí ó dúdú tó ń dán bí ikin. Adúmáadán ló gba ẹrù lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ. Òun náà ló jẹ ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tó sè, tó jóná, tó lá ọwọ́, tó ní, "Ìyàwó wa, ọbẹ̀ yìí dùn ju ti ìyá mi lọ." Ọlọ́run ló mọ bí irọ́ náà ṣe wúwo tó.

Adúmáadán kò padà. Bí aláàárù kan bá ti ogun dé, Ìbídùnní á rìn lọ bá a ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí níbikíbi, á béèrè, á padà wálé láìsọ̀rọ̀. Ó di ẹ̀kún ìka iyọ̀ mẹ́ta sí etí aṣọ rẹ̀. Ọjọ́ tí Adúmáadán bá dé ni yóò tú u sọ́bẹ̀.

Bí nǹkan ti rí nìyẹn nígbà tí àṣẹ mìíràn tún dé. Wọ́n tún ń fẹ́ aláàárù, wọ́n sì ní ilẹ̀ tí wọ́n ń lọ lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ ojú omi ní yóò gbé wọn débẹ̀. Baálẹ̀ Oníyeyè pe àwọn ènìyàn jọ sábẹ́ igi ìyeyè. Ó ní ọmọkùnrin mẹ́fà tí apá wọn tóbi bí ọ̀pẹ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì fojú kan Kamẹrúùn.

"Ìjọba ní ilé kan, ọkùnrin kan," ni Baálẹ̀ wí. "Nílé tiyín, ó kan Ọdẹkúnlé."

Ìbídùnní kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìlú, Bàbá. Ilé wa ti mú tirẹ̀ wá. Adúmáadán ńkọ́?"

Baálẹ̀ ń wo alángbá kan lára igi. "Ìyẹn ti lọ. Tuntun ni wọ́n ń béèrè."

"Ilé tiyín ńkọ́, Bàbá?"

"Ilé tiwa ti ṣe tirẹ̀. Ó wà nínú ìwé."

Ìbídùnní fojú ka àwọn ọmọ Baálẹ̀, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló pé síbẹ̀. Jìmí, àbíkẹ́yìn wọn, tiẹ̀ ń jẹ iṣu sísun lọ́wọ́. Ìbídùnní kò mọ̀wé, Baálẹ̀ náà kò mọ̀wé, òyìnbó tó ń kó aláàárù jọ ló mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé náà sì wà. Báwo lèèyàn ṣe ń bá ìwé jiyàn?

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, àkódà kan tó ń jẹ́ Lìádì gbé okùn dé láti Ìbàdàn. Ọdẹkúnlé lè sá wọ igbó, ọdẹ ni baba tó bí i. "Bí mo bá sá," ló wí, "àwọn àgbà ilé ni wọn á dè." Ó na ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ àwọn yòókù, wọ́n sì dorí kọ ọjà Erúnmu níbi tí òyìnbó ti ń dúró dè wọ́n.

Ìbídùnní kò tíì tẹ̀lé wọn. Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi igi ìdáná rẹ̀. Ààlè kan wà lórí igi náà: ṣùkù àgbàdo, ògbólógbòó ìgbálẹ̀ àti àkísà pupa, tí a so pọ̀ mọ́ra. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ láti Erúnmu títí dé Ọ̀yọ́. Ohun tí ààlè bá wà lórí rẹ̀ ti lólúwa. Ẹni tó bá mú un, olè ni, ohun tí ẹni tó so ó bá sì wí nígbà tó ń so ó kò ní ṣàì bá a. Ìbídùnní já a, ó fi bọ abẹ́ aṣọ, ó sáré.

Ní ọjà, òyìnbó jókòó sábẹ́ ibòji pẹ̀lú ìwé rẹ̀ àti ṣọ́jà mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n so mọ́ okùn dúró sínú oòrùn. Ọ̀kan nínú wọn ti la ẹnu sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ìdí ìbọn ni wọ́n fi dá a lóhùn, nítorí náà gbogbo wọn dákẹ́. Ìbídùnní gba àárín èrò kọjá. Kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè, ó ti fi ààlè kọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn.

Lìádì ju okùn sílẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì di ejò mú. "Láìláhà! Ìyàwó, kí lo ṣe yẹn?"

"Ààlè ni mo fi sí i."

"A kì í fi ààlè sí ènìyàn! Igi ìdáná là ń fi í sí!"

"Mo mọ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ dì wọ́n bí igi ìdáná, ẹ kà wọ́n bí igi ìdáná, ibi iná lẹ sì ń kó wọn lọ. Igi tèmi lólúwa. Ẹni tó bá jẹ́ olè, kó wá mú un."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé e mì.

"Lìádì, yọ ọ́!" ni Baálẹ̀ wí, òun tó ti bá wọn wá sọ́jà pẹ̀lú Jìmí.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù níbí. Ẹ yọ ọ́, á yẹ yín."

Ikọ́ tí Baálẹ̀ kò ní tẹ́lẹ̀ mú un lójijì. Nígbà tó wú u tán, ó kọjú sí Akínwándé, ògbufọ̀ òyìnbó, ọmọ ìjọ tó wọ bàtà tó ń dán. "Ìwọ, onígbàgbọ́ ni ọ́, o ò ka ààlè sí. Yọ ọ́."

"Onígbàgbọ́ ni mí, Bàbá," ni Akínwándé wí. "Èmi kì í ṣe olè."

"Ìyá Ọdúnayọ̀," Ọdẹkúnlé rọra wí, "ṣùkù yìí ń yún mi lágbọ̀n."

"Fara dà á. Ìbọn ń yúnni jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Òyìnbó ti dìde. Ó wá síbẹ̀, ó wo Ọdẹkúnlé, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan, Akínwándé tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Ó bá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì já ààlè náà.

Gbogbo ọjà pariwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn obìnrin bo ojú, wọ́n sì ń yọ ojú wò láàárín ìka. Wọ́n ń retí kó ṣubú. Kò ṣubú. Eṣinṣin kan bà lé e nímú, ó lé e.

"Ó ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀," ni Akínwándé wí.

"Sọ fún un pé oògùn ìfẹ́ ni," ni Baálẹ̀ yára wí, "pé obìnrin yìí fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ jù."

Akínwándé wo Baálẹ̀, ó wo Ìbídùnní. Òógùn ń kán sí kọ́là rẹ̀. Ó wá túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí: ẹni tó bá mú ohun tí èyí wà lórí rẹ̀, olè ni. Ojú òyìnbó pọ́n bí ẹyìn tó ti pọ́n jù. Ṣọ́jà kan yí ìbọn rẹ̀ sí Ìbídùnní. 

"Ó ní ta ló jalè, kí ló sì jí?" ni Akínwándé wí.

"Sọ fún un pé ilé kan, ọkùnrin kan ni àṣẹ. Ilé wa ti mú Adúmáadán wá. Ta ló tún fún wọn ní èkejì?"

Òyìnbó ṣí ìwé. Akínwándé tẹ̀ lé ìka rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó mi orí. "Kò sí Adúmáadán níbí."

"Ẹ ò rí i?" Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Irọ́ ló ń pa."

Ọdẹkúnlé ya ẹnu láti pe orúkọ àbúrò rẹ̀, ìdí ìbọn sì bà á lẹ́nu kó tó sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ dà sórí àyà rẹ̀.

Ìbídùnní wólẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ti kú nílé ọkọ rẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti wọlé náà, orúkọ yìí kò gba ẹnu rẹ̀ jáde rí.

"Fáwùnmí," ló wí. "Fáwùnmí ló ń jẹ́."

Akínwándé ṣí ìwé padà sẹ́yìn. Nígbà tó rí i, ó gbójú sókè wo Baálẹ̀. "Fáwùnmí, ará Oníyeyè," ló kà. "Ọmọ Baálẹ̀. Ilé Baálẹ̀ ló mú un wá."

"Fáwùnmí ọmọ ta?" ni Ìbídùnní bi í.

 Gbogbo ojú ti wà lára Baálẹ̀. Ilé tirẹ̀ ti ṣe tirẹ̀ lóòótọ́, ọmọ ẹlòmíràn ló fi ṣe é.

"Àmì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà," ni Akínwándé tún wí, ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ó kú ní Kamẹrúùn, ó ti lé lọ́dún kan. Wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀."

Bàbá rẹ̀. Baálẹ̀ ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó ń rí Ìbídùnní tó ń gba iwájú igi ìyeyè kọjá lọ béèrè lọ́wọ́ gbogbo aláàárù, á dáhùn ìkíni rẹ̀, á tún bi í bí ọ̀nà ti rí.

Ìbídùnní kò pariwo. Òun ẹlẹ́nu, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọdẹkúnlé ló sọ̀rọ̀, tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀: "Bàbá, ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ ká sunkún rẹ̀."

Òyìnbó padà síbi tábìlì rẹ̀. Kò tọrọ àforíjì, kò sì bá Baálẹ̀ jà, ènìyàn ló fẹ́, iye tó fẹ́ kò sì gbọdọ̀ dín. Ó ní kí ilé Baálẹ̀ mú ọmọ tirẹ̀ wá. Lìádì tú Ọdẹkúnlé sílẹ̀, ó sì mú okùn kan náà lọ bá Jìmí níbi tó dúró sí lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń mú un kọjá, Ìbídùnní rí i pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti Adúmáadán lọ lọ́jọ́ tí òun náà lọ. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó sì da iyọ̀ ìka mẹ́ta náà sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà. Jìmí pa ọwọ́ dé lórí rẹ̀, wọ́n sì fà á lọ.

Ní ti ọwọ́ òyìnbó, kò gbẹ: òun ló fi fa ìlà sórí orúkọ Ọdẹkúnlé, tó sì fi kọ ti Jìmí sábẹ́ rẹ̀.