Òkú Kì í Sá Lọ

Òórùn kàfúrà kì í tán nínú ọkọ̀ yẹn. Bí mo bá fọ̀ ọ́ láàárọ̀, tí mo ṣí gbogbo fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn títí di ọ̀sán, tí mo bá tún padà jókòó sídìí sítíárì, òórùn náà á kí mi káàbọ̀. Ọkọ̀ àdúgbò ni, ọkọ̀ àwa ọmọ Ìlọrin tó wà ní Fante New Town, ní Kumasi, ní Ghana. Àwọn bàbá wa ló dáwó rà á kí òkú wa má baà máa wọ táksí, èmi ni wọ́n sì fi ṣe dírẹ́bà rẹ̀. Mo ti wa trotro, ìyẹn dánfó wọn, lọ́nà Tafo rí, mo sì ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì díẹ̀ ní Suame Magazine, nítorí náà wọ́n ní ọwọ́ mi dára. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná nígbà yẹn, ìgbéraga nìkan ló kún ìjókòó dírẹ́bà.

Ẹni tí kò bá gbé Kumasi kò ní mọ ohun tó ń ṣe wá. Àwọn onílé wa, àwọn Àṣáńtì, kì í kánjú sin òkú. Wọ́n lè gbé e sínú yìnyín fún oṣù mélòó kan kí ọmọ tó wà lókè òkun tó dé, kí wọ́n rán aṣọ dúdú àti pupa, kí wọ́n wá yan Sátidé tó wù wọ́n. Àwa Mùsùlùmí ní tiwa, ẹni tó bá kú ní ìdájí, kò yẹ kí alẹ́ bá a lókè ilẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ẹ̀sìn ló wí i. Ṣùgbọ́n a wá sọ ọ́ di eré sísá. Bí a bá ti gbé òkú wọkọ̀ báyìí, gbogbo ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé e á tan iná gbòò, wọ́n á máa fọn fèrè, wọ́n á gba ọ̀nà ọlọ́nà. Ẹni tó bá rọra wakọ̀, wọ́n á ní kò bọ̀wọ̀ fún òkú.

Irú eré bẹ́ẹ̀ ló pa ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó jókòó sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù kan tó ń lé ọkọ̀ òkú lọ sí itẹ́ òkú, dírẹ́bà yà fún ọlọ́kadà lójijì, ẹ̀gbọ́n mi sì já bọ́ sójú títì. Òkú kan la gbé jáde nílé lọ́jọ́ náà, òkú méjì la sin. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo ní, “Àmúwá Ọlọ́run kẹ̀? Ọlọ́run ló tẹ iná mọ́ ọkọ̀ yẹn?” Ìyá mi fọwọ́ bò mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́, n ò sì tíì kó o jẹ títí dòní. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àdúgbò, mo wà á lọ bá akunlé kan ní Magazine, mo ní kó kọ òwe tí àwọn Haúsá àdúgbò wa máa ń pa sẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà: Sannu ba ta hana zuwa. Ìrọra ò ní kéèyàn má dé. Àwọn bàbá wa rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lọ́jọ́ tí bàbá aláṣọ kú. Oníṣòwò àgbà ni, gbogbo wa la bọ̀wọ̀ fún un. A wẹ̀ ẹ́, a kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun Àìlà, a gbé e sínú ọkọ̀ mi, àwọn èèyàn sì kún ẹ̀yìn. Àkọ́bí rẹ̀, tó ti Accra dé lọ́sàn-án náà, jókòó tì mí níwájú. A ò tíì jáde ní Fante New Town tó fi bẹ̀rẹ̀.

“Dírẹ́bà, yɛ ntɛm! Yára! Lèmọ́mù ti wà ní itẹ́ òkú.”

“Mò ń lọ, ẹ̀gbọ́n.”

“Ṣé lílọ nìyí? Bàbá mi lo gbé o, kì í ṣe iṣu!”

“Bàbá nìkan kọ́ ni mo gbé, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó ṣì ń mí pọ̀ lẹ́yìn yìí.”

Ó ní ṣé n kò mọ̀ pé ẹ̀sìn ní kí a yára sin òkú ni. Mo ní mo mọ̀, ṣùgbọ́n èjìká ni wọ́n fi ń gbé òkú nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni ẹ gbọ́ rí pé èjìká gbá pa? Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó yára fi ikọ́ bò ó. Mo mọ̀ pé ẹnu mi ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, n ò sì lè pa á dé.

A kọjá ọjà Kejetia, a ń sún mọ́ Tafo, àwọn ọmọ ilé ìwé ń jáde, wọ́n tò sí etí títì pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Mo dúró fún wọn. Ẹ̀yìn mi di ariwo fèrè. Píkọ́ọ̀pù tí àwọn àbúrò àkọ́bí wà nínú ẹ̀ yọ lẹ́yìn mi, ó gba ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀, ó sì já fìrì kọjá níwájú àwọn ọmọ náà. Ọmọbìnrin kan tó ti sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ fò padà, bàtà rẹ̀ sì kù sójú títì. Ojú ẹ̀gbọ́n mi tó kú ni mo rí. Mo pa ọkọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo he bàtà náà fún un, mo sì dúró sáàárín títì, mo na ọwọ́ méjèèjì, títí ọmọ tó kẹ́yìn fi kọjá. Èébú ń rọ̀ lé mi lórí ní Yorùbá, ní Twi, ní Haúsá. Ẹ máa bú mi lọ, mo ní. Ibí ni mo wà.

Nígbà tí mo padà sídìí ọkọ̀, àkọ́bí ti fi ìbínú wọ ọkọ̀ mìíràn. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, “Lónìí nìwọ àti kọ́kọ́rọ́ yẹn pínyà!” Gbogbo ọkọ̀ tó kù yà mí sílẹ̀, wọ́n ki eré mọ́lẹ̀ lọ.

Ẹ wò ó, nígbà tí mo dé itẹ́ òkú, ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo kàn gbé e mì ni. Wọ́n yí sàréè ká nínú oòrùn, òógùn bò wọ́n, gbogbo wọn ń wo ojú ọ̀nà. Wọ́n ti sáré dé, àmọ́ òkú wà lọ́wọ́ mi. Ta ni wọ́n fẹ́ sin? Lèmọ́mù wò mí, ó wo àwọn náà, ó ní kí a gbé bàbá wá.

A sin ín tán, àkọ́bí na ọwọ́ sí mi níṣojú gbogbo èèyàn. Mo kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Mo ní, “Òun rèé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ka àwọn èèyàn yín wò kí ẹ tó lọ. Mi ò sọ ẹnì kankan nù.” Mo fẹsẹ̀ rìn délé.

Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹta, àwọn àgbà jókòó sí pálọ̀ bàbá aláṣọ láti yan dírẹ́bà mìíràn. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ọ̀daràn. Ìyàwó olóògbé wà nínú yàrá, ó ń ṣe tákàbá, ìséde opó, kò lè jáde, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kó má sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ gba ẹ̀yìn kọ́tìnnì jáde.

“Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré yìí, ṣé ọkọ mi fẹ́ sá lọ ni? Òkú kì í sá lọ o. Àkọ́bí, láti ìgbà tí mo ti mọ bàbá rẹ, n ò rí i kó sáré rí, àfi ọjọ́ tí mo ń rọbí rẹ. Ẹ dá kọ́kọ́rọ́ ọmọ ọlọ́mọ padà. Tó bá kàn mí, òun ni kó gbé mi. Kó sì rọra.”

Wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ náà padà. Kò sí ẹni tó ní mo jàre, wọ́n kàn sọ mí lórúkọ: Ìgbín. Mò ń jẹ́ ẹ. Ìgbín ò lọ́wọ́, ìgbín ò lẹ́sẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìgbín fi ń gungi, n ò sì tíì gbọ́ pé ìgbín pa ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó kan ìyá àkọ́bí náà. Irùngbọ̀n mi ti funfun, ọkọ̀ náà ti gbó, òórùn kàfúrà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń sáré lẹ́yìn mi, ọjọ́ tí wọ́n bá jáwọ́ ni n óò gbà pé wọ́n gbọ́. Àkọ́bí tún jókòó tì mí, ọ̀pá wà láàárín orúnkún rẹ̀, a sì dé ibi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń sọdá. Mo dúró. Fèrè sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wa, bí ìjọ́sí. Mo rí i tó ṣí fèrèsé, mo ní ó tún ti dé. Ó yọ orí síta, ó kọjú sẹ́yìn, ó fi gbogbo agbára tó kù nínú rẹ̀ pariwo:

“Ìyá mi ló wà nínú ọkọ̀ yìí! Ta ló ń lé e?”