Ọjọ́ Méje Tí Mo Fún Ẹni Tó Ni Ìnàkí

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ la ṣe ìwọ́de nítorí ìnàkí kan ní Òkè-Ògbó, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ẹranko ti ń béèrè.

Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ni mo ti ń ka ìtàn dọ́fíìnì, ẹ̀dá inú òkun tí ọ̀pọ̀ yín ń pè ní ẹja. Kì í ṣe ẹja. Afẹ́fẹ́ ló ń mí bíi tiwa, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Wọ́n á fi àwọ̀n mú un lókun, wọ́n á sọ ọ́ sínú adágún onísìmẹ́ńtì, wọ́n á kọ́ ọ ní eré kí àwọn òǹwòran lè pàtẹ́wọ́. Bí Ọlọ́run ṣe dá ẹnu rẹ̀ ló dà bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, kódà bó bá ń kú lọ. Èyí tó dùn mí jù nínú ìtàn náà ni pé bí àwọn èèyàn bá fẹ̀hónú hàn nílùú kan, àwọn tó ni dọ́fíìnì ibẹ̀ a máa tà wọ́n sí ìlú mìíràn. Mo fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìnàkí tí mo ń wí yìí wà nínú àgò irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan; ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì náà ló ni ín. Màdáámù ni àwọn oníbàárà ń pè é. Wọ́n á fún un ní bíà, bó bá sì ti ṣí eyín, wọ́n á ní, "Ẹ wò ó, Màdáámù ń rẹ́rìn-ín!" Ìbẹ̀rù ló fi ń ṣí eyín.

Àwa mẹ́rìnlá la pinnu láti ṣe ìwọ́de, olùkọ́ ló pọ̀ jù nínú wa. Wọ́n fi mí ṣe alága torí pé mo ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ olùkọ́. Nínú ẹgbẹ́ wa, a kì í daṣẹ́ sílẹ̀ láìkọ lẹ́tà, ká fún ìjọba ní ọjọ́ méje. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà la máa ṣe.

Síkírátù, tí mo kọ́ níwèé kóun náà tó di olùkọ́, ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má kọ lẹ́tà kankan. Ẹ jẹ́ ká kàn yọ sí ọ̀gá náà lójijì."

"Ṣé olè ni wá ni? Ohun gbogbo ló létò, Síkírá."

"Màmá, ìjọba ò lè gbé ilé ẹ̀kọ́ sá lọ. Ọkùnrin yìí lè gbé ìnàkí sá lọ."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo kọ lẹ́tà náà pé kó gbé ìnàkí náà kúrò láàárín ọjọ́ méje, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a máa ṣe ìwọ́de.

Ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nígbà tí mo gbé e fún un. "Ẹ̀yin tíṣà wa! Ọjọ́ méje ti pọ̀ jù, mà."

Lọ́jọ́ kẹjọ, a gbé páálí, a sì ń kọrin lọ. Àgò ṣófo. Wọ́n ti fọ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì gbé mínírà tútù jáde, àwọn èèyàn wa hó yèè, wọ́n ń ya fọ́tò níwájú àgò. Ohun tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ nípa dọ́fíìnì ti ṣẹlẹ̀ lójú mi, ọwọ́ mi ló sì ti wá.

"Ibo ló wà?" ni mo bi í.

"Ó ti lọ síbi tó dáa, mà."

"Ibo nìyẹn?"

"Ẹ̀yin náà, mà! Ẹ ní kí n gbé e kúrò, mo gbé e kúrò. Ẹ ò sọ ibi tí mo máa gbé e lọ."

Òótọ́ ló sọ. Síkírátù ò mu mínírà, kò sì bá mi wí. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

A wá a. Ní Edúnàbọ̀n, obìnrin kan tó ń tajà létí títì sọ pé òun rí ọkọ̀ tó gbé àgò kọjá, tó kọrí sọ́nà Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ìwádìí wa parí sí.

Kí la jèrè? Wọn ò há ẹranko mọ́ àgò ní hòtẹ́ẹ̀lì yẹn mọ́. Ìgò òfìfo ni wọ́n ń kó sínú àgò náà. Kí la pàdánù? Ẹni tá a tìtorí rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bó bá kàn yín, ẹ kọ́kọ́ wá ilé fún ẹranko náà, ibi tó ní igbó àti dókítà ẹranko. Ẹ mú òṣìṣẹ́ ìjọba tó láṣẹ láti gbà á dání. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó kọrin.

Ìnàkí a máa pẹ́ láyé. Ó ṣeé ṣe kó ṣì wà nínú àgò mìíràn, níbi tí kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ̀. Èmi ni mo fún wọn láyè láti gbé e lọ.