Orúkọ Kan fún Ẹ̀rọ Méjì

Gbogbo ọ́fíìsì ló ń pè é ní Bàbá Wáyà, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kò tíì dàgbà tó ẹni tí à ń pè ní bàbá, irùngbọ̀n rẹ̀ kò sì ju ti ewúrẹ́ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so àwọn ẹ̀ka tó jìnnà mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní olú ilé-iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà yìí ló ni yàrá odidi kan, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i lára tọ̀sán-tòru, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ń fi fáìlì fẹ́ ara wọn ní yàrá kejì. Àgbà ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn ẹ̀rọ tó wà ní ẹ̀ka ní tiwọn, ojú àti bọ́tìnnì lásán ni wọ́n ní, wọn ò ní ọpọlọ. Ohun tí Àgbà bá rán wá láti inú wáyà tẹlifóònù ni wọ́n ń sọ.

Bàbá Wáyà a máa ní, "Bí ọkọ ìyàwó níwájú àna rẹ̀ ni wọ́n rí."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ni akọ̀wé àgbà ní ẹ̀ka tó jìnnà jù lọ.

Ẹ̀ka yìí gan-an ló sì fẹ́ kó bá a. Wọ́n ti kó kọ̀ǹpútà tuntun lọ sí gbogbo ẹ̀ka, irú èyí tó ní ọpọlọ tirẹ̀ ṣùgbọ́n tí a kọ́ pé kó máa ṣe bí ẹni tí kò ní, kí Àgbà lè gbà á lálejò. Ibi gbogbo ń lọ geerege, àfi ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó. Ẹ̀rọ náà á kí Àgbà, Àgbà á dáhùn, kí ọ̀rọ̀ tó wọ̀ lára, ìsopọ̀ wọn á já, ojú ẹ̀rọ á ṣú dùdù. Ọ̀gá pátápátá sì ń lọ wo ẹ̀ka náà lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọ̀gá Bàbá Wáyà sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín: "Tó bá já lójú wọn pẹ́nrẹ́n, ìwọ àti èkúté lẹ jọ máa ṣọ́ yàrá tí a ń kó wáyà àtijọ́ sí."

Ọjọ́bọ̀ ló dé ẹ̀ka náà. Ó tẹríba fún ìyá ìyàwó rẹ̀ débi tí irinṣẹ́ àpò àyà rẹ̀ fi dà sílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọkọ ọmọ mi. Àwọn ọmọ ńkọ́? O mà ti rù o! Àbí ọmọ mi kì í se oúnjẹ ni?"

"Ó ń sè é, mà. Kọ̀ǹpútà yín ni kì í jẹ́ kó hàn lára mi."

Ó tú wáyà, ó tún un so. Ó pààrọ̀ àpótí kékeré tó ń bá tẹlifóònù sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Màmá wá dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo fáìlì kan nínú yàrá ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ já. Màmá jáde, ẹ̀rọ gbà láti wọlé padà. Màmá tún lọ wo fáìlì, ẹ̀rọ tún já. Bàbá Wáyà fi etí lé ilẹ̀kùn: ta-ta-ta, ta-ta-ta. Fáìlì kì í dún báyẹn.

Ó wá yé e. Nígbà tó ń gbé ẹ̀rọ tuntun kalẹ̀, ó yẹ kó gba orúkọ tuntun fún un, nítorí orúkọ ni Àgbà fi ń mọ olúkúlùkù. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń fún ẹ̀rọ lórúkọ ní olú ilé-iṣẹ́, bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ lèèyàn wá fẹ́ ló ń yẹ èèyàn wò. Bàbá Wáyà bá yẹra fún un, ó fi orúkọ ẹ̀rọ àtijọ́ wọ tuntun, ó rò pé ti àtijọ́ ti kú. Orúkọ kan, ẹ̀rọ méjì: bí ọ̀kan bá ti wọlé, Àgbà á ti èkejì síta.

Ta ni yóò wá ká ìyá ìyàwó rẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀rọ? Ó wúkọ́.

"Mà, ó jọ pé èkúté wà níbẹ̀ yẹn."

"Èkúté wo?"

"Èyí tó mọ̀wé tẹ̀, mà."

Ẹ̀rín bú jáde nínú yàrá, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ẹ̀rọ àtijọ́ jókòó sórí tábìlì, aṣọ mímọ́ lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà aláwọ̀ ewé ń dán lójú rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n dá a padà, mo ní mo gbọ́," ni Màmá wí. "Mi ò dá ọjọ́. Tuntun yẹn ń ta mí lójú. Eléyìí, bí mo dijú, ọwọ́ mi mọ̀nà. Kò ní pẹ́ tí n ó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Ẹ̀bi tèmi ni, mà. Orúkọ ẹ̀rọ yín ni mo fún àlejò. Ẹ̀ ń lé e jáde, òun náà ń lé yín."

"Háà! Èmi tí mo rò pé ogbó ló dé sí Àgbà, tí kò rántí mi mọ́!"

Màmá fúnra rẹ̀ ló gbé tẹlifóònù, ó pe obìnrin tó ń fún ẹ̀rọ lórúkọ. "Ọmọ mi, ẹ ǹlẹ́ o. Ìyá ìyàwó Bàbá Wáyà ni. Ọkọ ọmọ mi ní ẹ̀rù yín ń ba òun." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Kó tó gbé e sílẹ̀, orúkọ tuntun ti dé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ tuntun bá Àgbà sọ̀rọ̀ lójú ọ̀gá pátápátá, kò já. Ọ̀gá na etí.

"Kí ló ń dún ta-ta-ta ní ẹ̀yìn?"

Bàbá Wáyà wo òkè àjà. "Ìyá ìyàwó mi ni, sà."

Ọ̀gá yọjú sí yàrá ẹ̀yìn. Ohùn Màmá ló kọ́kọ́ jáde: "Ẹ wọlé, sà, ẹ jókòó. Ẹ má ṣáà fọwọ́ kàn án."

Ọ̀gá wo ẹ̀rọ méjèèjì, ó rí i pé kò sí èyí tó já. Ó ní, "Bí wọn ò bá ti bá ara wọn jà, kí ló kàn mí?"

Bí Bàbá Wáyà ṣe ń padà lọ sílé, abọ́ oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tí Màmá rán an sì wà létí rẹ̀: kó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọkọ rẹ̀ gbọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó rù púpọ̀.