Ìró Jíìpù Náà ní Kọ́nà

Ní gbogbo kọ́nà Fẹ́sítàkì ni ọkọ àǹtí mi ti máa ń pa rédíò, kó lè gbọ́ ìró ẹ̀yìn jíìpù rẹ̀. Ó ti fi lọ́kà sí i, tó ń de táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kí ẹrẹ̀ Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá má baà gbé e mì. Lórí títì ọlọ́dà, kọ̀-kọ̀-kọ̀ ló máa ń ké tó bá ń yà. Tá a bá ráhùn, á rẹ́rìn-ín: "Ẹ jẹ́ kó pariwo, kí ìyàwó mi mọ̀ pé mo ti dé." Lóòótọ́, kó tó tẹ họ́ọ̀nù, àǹtí mi á ti ṣí géètì.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, àǹtí mi ní kí n máa lo jíìpù náà lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ nínú òjò, mẹkáníìkì mi ní Mazamaza ní: "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká yọ lọ́kà yìí. Ká fi límítẹ́ẹ̀dì sílíìpù rọ́pò rẹ̀, òun ló dáa fún ojoojúmọ́. Kì í de táyà pa, kì í sì í pariwo."

Mo gbà. Jíìpù dákẹ́ ní gbogbo kọ́nà títí mo fi dé ilé àǹtí mi. Kí n tó tẹ họ́ọ̀nù, ó ti ṣí géètì.

"Ẹ káàbọ̀. Mo ti gbọ́ yín ní kọ́nà."

Kò wò mí. Ìjókòó tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ń wò.