Púlọ́ọ̀gì Karùn-ún

Ohun tí mo kọ́kọ́ jowú lára ọkùnrin náà ni ìka ọwọ́ rẹ̀. Ìka kúkúrú, tó gbó, tí èékánná rẹ̀ dúdú bí ti ẹni tó ń fi ọwọ́ yọ iṣu sísun nínú eérú. Ṣùgbọ́n tó bá fi ìka méjì mú púlọ́ọ̀gì, ohun kékeré tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, tó sì na ọwọ́ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bàálù níbi tí ojú kò lè dé, yóò di ojú rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ wàásù, púlọ́ọ̀gì náà yóò sì máa yí wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìlo sípánà, títí yóò fi jókòó. Èmi tí mo lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, tí mo lè ya ẹ́ńjìnnì náà sórí bébà láti orí dé ẹsẹ̀, tí mo bá dán irú rẹ̀ wò, ẹnu ihò á kọ̀ jálẹ̀.

Ìgbà Sáàpù ni, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ tí gbogbo nǹkan fi wọ́n. Àwọn ológun ní ká fún ìgbànú mọ́ inú, àwọn fúnra wọn sì ń ra bẹ́líìtì tó gùn sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ láti Ìkẹjà dé Agége ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa ẹ́ńjíníà tuntun sì ń gbé ìwé ẹ̀rí kiri bí ẹni ń kiri búrẹ́dì àná. Mo rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní bàálù kékeré kan ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Ìjókòó méjì péré ló wà nínú bàálù náà, ó sì dàgbà jù mí lọ. Òyìnbó kan tó ń lọ sílé ló tà á fún un. Bàbá máa ń wé sikáàfù sílíìkì mọ́ ọrùn nínú ooru Èkó, ó sì máa ń ti imú sọ Gẹ̀ẹ́sì, àfi bí ẹni pé oúnjẹ nìkan ni ẹnu wà fún.

Àwa méjì là ń tọ́jú bàálù yìí. Èmi ń kọ ìwé, mo ń buwọ́ lùwé. Ẹnì kejì ni ọkùnrin oníka kúkúrú yìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ata ṣe lẹ́bàá ojú irin ní Agége kí Bàbá tó rí i. Gbogbo èèyàn ń pè é ní Àlájì. Kò dé Mẹ́kà rí. Ibi tó jìnnà jù tó tíì dé ni Ìlọrin. Mo máa ń rán ara mi létí èyí nígbàkúùgbà tí Bàbá bá yìn ín.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń wa bàálù, ó sì ní òfin kan: ẹni tó bá de púlọ́ọ̀gì ni yóò jókòó tì í nígbà tí wọ́n bá gbé bàálù lọ dán wò. Ó ní ẹni tó mọ̀ pé òun náà ń bọ̀ lókè kò ní dè é gbàgẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, Àlájì ló ń ní kó dè é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti jọ fò. Èmi á dúró nílẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, eruku á bò mí, màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n lọ, wọ́n sì bọ̀.

Lọ́sẹ̀ kan, ẹnu mi kó bá mi. Mo sọ fún ìyá mi, tó ń gbé ní Abúlé Ẹ̀gbá, pé èmi ni màá fò lọ́jọ́ Sátidé, pé kó sá aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun sórí okùn kí n lè dá ilé mọ̀ láti òkè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ojúlé ti gbọ́. Mo rò pé màá bẹ Bàbá. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, ó ti ní kí Àlájì dè é.

Sílíńdà mẹ́rin ni bàálù náà ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń lo púlọ́ọ̀gì méjì. Tí a bá yọ wọ́n, a máa ń tò wọ́n sínú pákó kan tó ní ihò mẹ́jọ tí a kọ nọ́ńbà sí, ká lè mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde. Òfin kejì le ju ti Bàbá lọ, gbogbo ẹni tó ń tún bàálù ṣe ló sì mọ̀ ọ́n: púlọ́ọ̀gì tó bá ti já bọ́ lulẹ̀ ti kú. Tánganran inú rẹ̀ lè ti là níbi tí ojú kò tó, kó sì dákẹ́ dìgbà tí ẹ bá wà lókè. Ẹ ò gbọdọ̀ lò ó mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà Sáàpù, ẹni tó bá rí púlọ́ọ̀gì bàálù tuntun rà dà bí ẹni tó rí ẹyin àkùkọ. Mẹ́jọ tí a ní náà la ní.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, Àlájì lọ kírun. Mo dúró ti pákó, mo ń fi bẹntiróòlù fọ ẹnu púlọ́ọ̀gì. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo fi ìka méjì mú ìkarùn-ún, mo di ojú, mo ń yí i nínú afẹ́fẹ́ bí Àlájì ṣe ń yí i. Ó bọ́. Ó dún lórí kọnkéré bíi ṣíbí tó já bọ́ níwájú àna.

Mo gbé e. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò rí nǹkan kan. Mo nù ún, mo dá a padà sínú ihò karùn-ún. Mi ò ní purọ́ fún ẹni tó ń ka ìtàn yìí: ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọwọ́ Àlájì ni yóò dè é, òun náà ni yóò sì jókòó ti Bàbá. Tí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ kí wọ́n tó gbéra, Bàbá yóò mọ̀ pé ìka kúkúrú náà lè ṣì í ṣe. Mo sọ fún ara mi pé ilẹ̀ ni yóò ti wúkọ́. Ìwé tí mo kà kò sọ bẹ́ẹ̀. Owú ló sọ ọ́.

Àlájì dé láti mọ́ṣáláṣí, ó mú sípánà, ó sì nà án sí mi. Ó ní òun gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì, tó ń gbé ní Abúlé Ẹ̀gbá, pé ìyá mi ti wá aṣọ funfun sílẹ̀.

"Ẹ́ńjíníà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dè é. Mo ti bá Bàbá sọ ọ́. Èmi ti rí orí òrùlé gbogbo Agége, páànù tó dípẹtà ni gbogbo ẹ̀."

Mo ní kò pọndandan. Ó ní kí n yé ṣakọ, pé ìyá kì í ṣe ẹni à ń dójú tì. Ó dúró tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń kọ́ mi.

"Ẹ má fipá mú un. Ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn díẹ̀, títí ẹ ó fi gbọ́ tó dún tọ́. Ìgbà yẹn ló mọ̀nà."

Mo yí i sẹ́yìn, ó dún tọ́, ó sì wọlé. Kò sí olùkọ́ kan tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní yunifásítì, inú sì bí mi pé òun ló sọ ọ́. Mo de ìkíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Ọwọ́ mi dé orí ìkarùn-ún, ó dúró síbẹ̀.

Mo sọ fún un pé ó já bọ́.

Kò pariwo. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí oòrùn, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi orí èékánná dúdú rẹ̀ hàn mí ibi tó là. Kò ju irun ìpéǹpéjú lọ.

"Nígbà tẹ́ ẹ dá a padà síbẹ̀," ó ní, "èmi lẹ rò pé yóò gbé lọ sókè?"

Ó dúró títí ó fi rí ìdáhùn náà lójú mi. Lẹ́yìn náà ó mú òòlù, ó fọ́ púlọ́ọ̀gì náà lórí irin, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni má bàa tún un lò. Ó lọ bá Bàbá, ó ní ọ̀kan ti já bọ́ lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Mo jowú bó ṣe rọrùn fún un tó láti sọ ọ́.

Bàálù kò fò lọ́jọ́ Sátidé náà. Ó tó oṣù méjì kí púlọ́ọ̀gì kan tó ti ìlú òyìnbó dé nínú báàgì ìbátan Bàbá kan. Àlájì ló dè é. Kò bi mí bóyá mo fẹ́, èmi náà kò sì bèèrè. Mo dúró nílẹ̀ pẹ̀lú ìwé mi, mo kọ ọ́ pé wọ́n lọ.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Àlájì wá bá mi. Ó ní òun bẹ Bàbá kó gba ọ̀nà Abúlé Ẹ̀gbá, òun sì rí aṣọ funfun kan lórí okùn, obìnrin kan dúró tì í, ó ń juwọ́. Ó ní òun náà juwọ́ sí i, kó má bàa rò pé ẹnikẹ́ni ò rí òun. Gbogbo Sátidé ni ìyá mi ti ń sá aṣọ náà láti oṣù méjì. Mi ò ní ìgboyà láti sọ fún un pé kó ká a.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá. Ìyá mi ti se ìrẹsì, ó ti pa adìyẹ, àwọn aládùúgbò sì ti jókòó yí àga mi ká.

"Mo rí ẹ," ìyá mi ní. "Láti ìsàlẹ̀ níbí ni mo ti dá ọwọ́ ẹ mọ̀."

Mo wo ìka mi gígùn, tó mọ́ tónítóní. Mo fi gbé itan adìyẹ tó yẹ kó jẹ́ ti Àlájì, mo sì jẹ ẹ́ dé eegun.